Banda kò sí níbẹ̀, Zambia sì tún na Tógò: ta ló ń pinnu ẹni tó yẹ kí ó bá obìnrin díje?

Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2022, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Tógò kojú Zambia nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà tó wáyé ní Morocco. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn obìnrin wa máa dé irú ibẹ̀. Tunisia ti nà wọ́n 4-1, wọ́n sì ti gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Cameroon. Bí wọ́n bá lè borí Zambia, ọ̀nà ṣì lè là. Ohun tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìrètí ni pé Barbra Banda, balógun ikọ̀ Zambia, kò sí lórí pápá. Ìròyìn ti gbòde pé kò yege nínú àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá eléré lẹ́tọ̀ọ́ láti bá àwọn obìnrin gbá bọ́ọ̀lù.

Kouloundè níbí, ìdí tẹlifíṣàn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa kó ara wa jọ sí lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n tó fọn fèrè ni bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn mi ti ń yọ̀. Ó ní, "Wọ́n ti yọ ọkùnrin wọn kúrò, ó di tiwa." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí eré fi máa parí, bọ́ọ̀lù mẹ́rin ti wọ àwọ̀n wa, ẹyọ kan péré la rí dá padà. Ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọkùnrin mọ́. Zambia ń bá ìdíje lọ láìsí Banda, wọ́n sì na Nàìjíríà 1-0 kí wọ́n tó gba ipò kẹta.

Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kúrò lọ́kàn mi. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ni a rò pé ó jẹ́. Lónìí ó ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ọmọbìnrin tó bá fẹ́ sáré tàbí kí ó ja ẹ̀ṣẹ́ dé ìdíje àgbáyé, kódà bí ó bá jẹ́ láti Kambolé tàbí Tchamba ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí òfin tuntun sọ

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni World Athletics, àjọ tó ń ṣàkóso eré orí pápá lágbàáyé, ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo obìnrin tó bá fẹ́ díje ní ìdíje àgbáyé ṣe àyẹ̀wò jíìnì. Ìdíje ti Tokyo, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù náà, ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún. Àjọ World Boxing tó ń rí sí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn náà gbé irú òfin kan náà jáde lọ́dún yẹn.

Àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ kò le. Wọ́n á fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, tàbí kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni jíìnì kan tó ń jẹ́ SRY. Ara ohun tí ọmọkùnrin máa ń jogún láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni, òun ló sì máa ń darí ọmọ inú oyún sí ọ̀nà akọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni eléré máa ṣe é láyé rẹ̀. Bí wọn kò bá rí i lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Bí wọ́n bá rí i, kò ní lè bá obìnrin díje ní ìdíje àgbáyé mọ́, àfi bí dókítà bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ara rẹ̀ kò lè lo testosterone rárá, ìyẹn èròjà ara tó máa ń fún ọkùnrin ní iṣan àti agbára. Wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ìwọ̀nba àwọn tó ti ń díje lábẹ́ òfin àtẹ̀yìnwá.

Ó yẹ kí n ya ohun méjì sọ́tọ̀ níbí, nítorí àwọn ènìyàn wa máa ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ẹni tí a bí ní ọkùnrin, tó dàgbà ní ọkùnrin, tó wá sọ lẹ́yìn náà pé obìnrin ni òun, ọ̀tọ̀ nìyẹn. World Athletics ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ti bàlágà ní ọkùnrin láti oṣù Kẹta ọdún 2023. Ọ̀rọ̀ tó ń dé bá àwọn eléré Áfíríkà kì í ṣe èyí. Àwọn tiwa ni àwọn ọmọ tí agbẹ̀bí gbé sókè tó sọ pé "obìnrin ni", tí wọ́n sọ lórúkọ ọmọbìnrin, tí wọ́n ń pọn omi, tí wọ́n ń di irun, tí kò sì sí ẹni tó mọ̀, títí kan àwọn fúnra wọn, pé ohun kan wà nínú ara wọn tí kò rí bíi ti àwọn obìnrin tó kù. Nígbà tí Imane Khelif ọmọ Algeria gba góòlù nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Paris lọ́dún 2024, mo gbọ́ ọ létí ara mi ní ọjà pé ọkùnrin tó yí ara padà ni. Irọ́ ni. Wọ́n bí i ní ọmọbìnrin, wọ́n sì tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó kù nípa rẹ̀ jẹ́ ti àyẹ̀wò ara, kì í ṣe ti ẹni tó pa aṣọ dà.

Àwọn tó gba ipò kẹrin náà ní ìyá

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ìdí wà tí wọ́n fi ya eré obìnrin sọ́tọ̀. Ẹni tó sáré 100 mítà jù lọ nínú àwọn ọkùnrin lo ìṣẹ́jú-àáyá 9.58, ti obìnrin jẹ́ 10.49. Ní 800 mítà, ti ọkùnrin jẹ́ ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40.91, ti obìnrin 1 àti 53.28. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé ìyàtọ̀ náà wà láàárín ìdá mẹ́sàn-án sí méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgbà ìbàlágà ni àlàfo náà máa ń là, nígbà tí testosterone bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lára ọmọkùnrin. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo ènìyàn jọ sáré pọ̀ láìpín, obìnrin kankan ò ní dé àṣekágbá.

Nítorí náà n kò bá àwọn tó ń sọ pé òfin kankan kò yẹ kí ó wà sọ ọ́. Ní Rio lọ́dún 2016, àwọn ọmọ Áfíríkà mẹ́ta ló gba àmì ẹ̀yẹ 800 mítà obìnrin: Caster Semenya láti South Africa, Francine Niyonsaba láti Burundi, Margaret Wambui láti Kenya. Lẹ́yìn tí òfin testosterone jáde, Niyonsaba àti Wambui fúnra wọn sọ pé ó kan àwọn. Melissa Bishop ọmọ Canada ló gba ipò kẹrin. Òun náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìdánrawò, ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó bá ní kò sí ohun tó kan òun pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ti Bishop kò sọ òdodo. Bí ó bá jẹ́ ọmọ wa ló gba ipò kẹrin ńkọ́?

Ilé ẹjọ́ eré ìdárayá, CAS, sọ ọ́ láìfi bò ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2019. Àwọn adájọ́ mẹ́ta ló jókòó lórí ẹjọ́ Semenya. Méjì nínú wọn gbà pé òfin náà ń ṣe ojúsàájú sí irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ojúsàájú náà pọn dandan kí eré obìnrin má bàa dàrú. Mo ka gbólóhùn yẹn nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìròyìn, mo sì rò pé mo ti lóye ọ̀rọ̀ náà tán. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ka ti Aminatou Seyni ni mo mọ̀ pé n kò tíì lóye nǹkan kan.

Ọmọ ilẹ̀ Niger, aládùúgbò wa

Seyni kì í ṣe ará ọ̀nà jíjìn sí wa. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Sokodé gba Benin kọjá lè dé Niger. Ní oṣù Keje ọdún 2019, ó sáré 400 mítà ní Lausanne, ó lo ìṣẹ́jú-àáyá 49.19, Salwa Eid Naser ọmọ Bahrain ló fi bíńtín ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú 49.17. Orílẹ̀-èdè tí aṣálẹ̀ gba èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ rí ọmọ tó lè dúró láàárín àwọn tó yára jù láyé. Ṣùgbọ́n òfin ìgbà yẹn kan eré láti 400 mítà dé máìlì kan. Wọ́n ní bí kò bá lo oògùn láti dín testosterone rẹ̀ kù, kò gbọ́dọ̀ sá 400 mítà mọ́.

Kò bá wọn jà. Ó sọ̀kalẹ̀ sí 200 mítà, èyí tí òfin náà kò kàn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí 200 mítà yàtọ̀: bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀, bí wọ́n ṣe ń gba kọ́nà yàtọ̀. Ní ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Eugene, Amẹ́ríkà, lọ́dún 2022, ó gba ipò kẹrin pẹ̀lú 22.12. Ọdún yẹn gan-an ni ikọ̀ wa ń gbá bọ́ọ̀lù ní Morocco. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2023, World Athletics yí òfin padà: gbogbo eré pátá ló ti kàn báyìí, 200 mítà náà kò yọ sílẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi hàn án pé kí ó gbà, wọ́n dí i mọ́ ọn.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Òfin wà, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé ààlà rẹ̀ kiri. Lọ́dún 2011, ìwọ̀n testosterone tí obìnrin kò gbọ́dọ̀ dé jẹ́ 10. Lọ́dún 2015, lẹ́yìn tí Dutee Chand ọmọ India gbé wọn lọ sí CAS, wọ́n dá òfin náà dúró. Lọ́dún 2019 ó padà, ìwọ̀n náà di 5, fún àwọn eré kan. Lọ́dún 2023 ó di 2.5, fún gbogbo eré. Lọ́dún 2025 wọ́n ní ìwọ̀n kọ́ ni àwọn ń wò mọ́, jíìnì ni. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ eré sísá ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ́dún 2011 ti rí ìyípadà mẹ́rin kí ó tó pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Bí olórí abúlé bá ń gbé òpó ààlà oko káàkiri báyìí lọ́dọọdún, ẹjọ́ máa kún ààfin.

Ti Banda nínú bọ́ọ̀lù tún le ju èyí lọ, nítorí kò sí ẹni tó sọ pé òun ló gbé òpó náà. Andrew Kamanga, ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù Zambia nígbà náà, sọ pé àwọn ṣe àyẹ̀wò tí CAF béèrè, Banda kò sì kún ojú òṣùwọ̀n CAF. CAF ní tirẹ̀ fèsì pé àwọn kọ́ ló pinnu bẹ́ẹ̀, Zambia ló yọ ọmọ rẹ̀ kúrò. Ẹni kan náà ti gbá ìdíje Olympics ní Tokyo lọ́dún 2021, níbi tó ti jẹ góòlù mẹ́ta mẹ́ta nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì tẹ̀léra. Lọ́dún tó tẹ̀lé ìtìjú Morocco, FIFA gbà á láàyè ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, òun ló sì jẹ góòlù ẹgbẹ̀rún kan nínú ìtàn ìdíje náà. Lọ́dún 2024, CAF fún un ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje ọdún 2025, ó ti padà sí Morocco kan náà fún ìdíje kan náà, ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tó fi gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n àwọn olùgbàlejò. Obìnrin ni lọ́dún 2021, wọ́n ní kò kún ojú òṣùwọ̀n lọ́dún 2022, ó tún di obìnrin lọ́dún 2023. Ara rẹ̀ kò yí padà. Ìwé àwọn aláṣẹ ló ń yí.

Wọ́n ti dán irú èyí wò rí

Àyẹ̀wò jíìnì kì í ṣe ohun tuntun bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ní Budapest lọ́dún 1966, wọ́n ní kí àwọn obìnrin eléré bọ́ra sílẹ̀ kọjá níwájú àwọn dókítà. Ìtìjú yẹn pọ̀ jù, wọ́n bá yí i sí àyẹ̀wò kúrómósómù, Olympics sì ń lò ó láti 1968. Lọ́dún 1985, María José Martínez-Patiño, ọmọ Spain tó ń fo ọgbà, kò yege. Ara rẹ̀ ní kúrómósómù Y, ṣùgbọ́n ara náà kò lè lo testosterone rárá. Wọ́n gba àwọn àmì ẹ̀yẹ rẹ̀, ìròyìn rẹ̀ dé inú ìwé ìròyìn, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fi í sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó dá a padà sípò.

Ní Atlanta lọ́dún 1996, obìnrin 3,387 ni wọ́n yẹ̀ wò. Mẹ́jọ ni jíìnì SRY hàn lára wọn. Gbogbo àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni wọ́n padà gbà láàyè láti díje. Lọ́dún 1999, àjọ Olympics pa àyẹ̀wò náà tì. Andrew Sinclair, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Australia tó ṣàwárí SRY lọ́dún 1990, kọ̀wé lọ́dún 2025 pé kò yẹ kí wọ́n fi jíìnì òun nìkan ṣe ìpinnu, nítorí wíwà rẹ̀ kò sọ bóyá ara ń lo ohun tó ń gbé jáde. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe aláìmọ̀kan.

Èmi kò ní kí wọ́n má ṣe é. Ó kéré tán, ó dára ju kí wọ́n máa fi ojú wo ẹni tó ga àti ẹni tí ọmú rẹ̀ kò yọ. Ohun tí ìtàn wọ̀nyí kọ́ mi ni pé ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù kì í ṣe inú yàrá àyẹ̀wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ní Berlin lọ́dún 2009, Semenya jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún. Kí ó tó sá àṣekágbá 800 mítà, gbogbo ayé ti gbọ́ pé wọ́n ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó sáré náà, ó borí, ó sì ń gbọ́ tí àwọn akọ̀ròyìn ń bi í bóyá obìnrin ni. Annet Negesa ọmọ Uganda kò dé Olympics London ọdún 2012. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé, èyí tó sọ pé wọn kò ṣàlàyé rẹ̀ fún òun bó ṣe yẹ, ara rẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò tó fi lè sáré bíi ti tẹ́lẹ̀. World Boxing náà, nígbà tí ó kéde òfin rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, dárúkọ Khelif sínú ìkéde náà. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ààrẹ àjọ náà ń tọrọ àforíjì pé kò yẹ kí àwọn dárúkọ rẹ̀. Àforíjì kò lè pe orúkọ padà.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Yúróòpù fi adájọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí méjì sọ pé Switzerland kò gbọ́ ẹjọ́ Semenya dáadáa. Wọn kò sọ pé òfin náà burú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni tí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá kàn gbọ́dọ̀ rí ilé ẹjọ́ tó máa tẹ́tí sí i fínnífínní. Semenya ní owó, ó ní agbẹjọ́rò, ó ní ìjọba tó dúró tì í, ó sì tún gbà á ní ọdún mẹ́rìndínlógún láti Berlin dé ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yìn kíláàsì

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. N kò ní dárúkọ ọmọ náà, n kò sì ní sọ abúlé tó ti wá. Àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ méjì ló ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá kan ní agbègbè wa. Ọ̀kan nínú wọn ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ohùn rẹ̀ sì nípọn díẹ̀. Ó ti jẹ góòlù méjì kí ìdajì àkókò tó pé. Àwọn tó dúró sí etí pápá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé "Akọ ni! Akọ ni!" Nígbà ìsinmi, ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ kejì tọ olùkọ́ wọn lọ, ó ní àwọn kò ní padà sórí pápá àfi kí wọ́n mú ọmọ náà lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì, kí obìnrin kan tú aṣọ rẹ̀ wò.

Ìyá ọmọ náà wà níbẹ̀. Ó gbé àtẹ ẹ̀pà rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ọkùnrin náà, nítorí àgbàlagbà ni. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, bàbá. Èmi ni mo bí i. Ẹ jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀." Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, ẹ má bínú, kì í ṣe ìjà. A kàn fẹ́ mọ̀ ni." Olùkọ́ kọ̀, wọ́n padà sórí pápá. Ọmọ náà parí eré náà, ṣùgbọ́n kò tún bọ́ọ̀lù gbá síwájú mọ́. Ẹ̀yìn ló dúró sí, ó ń nà án lọ fún ẹlòmíì.

Ohun tí wọ́n béèrè ní ẹ̀yìn kíláàsì yẹn ni ayé ti fi sílẹ̀ lẹ́yìn Budapest. A ò sì mọ̀ bóyá ọmọ náà ní SRY tàbí kò ní. Kò kan ẹnikẹ́ni nínú eré ilé ẹ̀kọ́. Àwọn òfin tí mo ń sọ bọ̀ yìí, ìdíje àgbáyé ni wọ́n wà fún. Ṣùgbọ́n ìròyìn wọn ti dé ọ̀dọ̀ wa lórí fóònù, àlàyé wọn kò bá a dé, ó sì ti fún gbogbo ẹni tó bá pàdánù ní ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Ọmọ tó bá ga, tó bá dúdú, tó ní iṣan nítorí pé ó ń gbé iṣu láti oko, òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa nàka sí.

Nínú bọ́ọ̀lù ọkùnrin, a mọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí èké dáadáa. FIFA ti ń lo ẹ̀rọ MRI láti wo egungun ọwọ́ àwọn ọmọ abẹ́ ọdún 17 láti ọdún 2009. Ọmọkùnrin tí kò bá yege, wọ́n á ní kí ó lọ bá àwọn àgbà gbá. Ojú á tì í fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tán. Kò sí ẹni tó máa sọ pé kì í ṣe ọkùnrin. Ọmọbìnrin tí kò bá yege ní tirẹ̀, ta ni wọ́n máa ní kí ó lọ bá díje? Ta ló máa fẹ́ ẹ ní abúlé tí ìwé náà bá ti dé? Èyí ni àwọn tó ń kọ òfin ní Yúróòpù kò ní láti rò.

Ọ̀rọ̀ owó àti ilé ìwòsàn náà wà níbẹ̀. World Athletics sọ pé àwọn máa dá tó ọgọ́rùn-ún dọ́là sí àyẹ̀wò eléré kọ̀ọ̀kan tó ń lọ sí Tokyo. Ó dára. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ni wọ́n dá owó sí, wọn kò dá sí dókítà tó máa jókòó ti ọmọ náà lẹ́yìn èsì. Kódà ní France, níbi tí ilé àyẹ̀wò pọ̀ sí, òfin wọn kò gba irú àyẹ̀wò yìí láàyè, àwọn eléré wọn ní láti lọ ṣe é ní ìlú mìíràn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò obìnrin France dé Liverpool fún ìdíje àgbáyé, èsì wọn kò tètè dé, wọn kò jẹ́ kí wọ́n jà. Ọ̀rọ̀ ìwé nìkan ni. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí France, kí ẹ wá fojú inú wo ọmọ tó ti Kouloundè gun alùpùpù dé Tchamba, tó tún wọ ọkọ̀ lọ Sokodé, tí wọ́n ní kí ó máa bọ̀ ní Lomé.

Lẹ́yìn náà ni èdè. Fáránsé tàbí Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà máa fi dé. Ìyá tí mo sọ yẹn ń sọ èdè wa ti Kambolé, ó sì gbọ́ Tem tí wọ́n fi ń ná ọjà ní Sokodé. Ta ló máa ṣàlàyé fún un ohun tí jíìnì jẹ́, kí ó tó tẹ ìka sórí ìwé pé òun gbà kí wọ́n yẹ ọmọ òun wò? Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ ọmọ náà ni, ẹni yẹn ló máa kọ́kọ́ mọ èsì. Ẹni yẹn sì ní ìyàwó, ó ní ọ̀rẹ́, ó máa ń jókòó síbi tí wọ́n ti ń mu tíì.

Ìdíje Olympics àwọn ọ̀dọ́ máa wáyé ní Dakar láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 2026. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìdíje Olympics kankan máa wá sí Áfíríkà, Kirsty Coventry ọmọ Zimbabwe sì ni ààrẹ àjọ náà. Òun náà ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wo bí wọ́n ṣe máa dáàbò bo eré obìnrin. Àwọn tó ń yan eléré ní Tógò máa lọ wá àwọn ọmọ tó ń sáré ní àwọn ilé ẹ̀kọ́, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n máa dé agbègbè wa. Ohun tí mo fẹ́ bi wọ́n nígbà tí wọ́n bá dé kò pọ̀. Bí wọ́n bá máa yẹ ọmọ kan wò, ṣé dókítà ló máa sọ fún un ṣáájú, lédè tí ìyá rẹ̀ gbọ́? Inú àpótí ta ni èsì náà máa wà? Bí èsì kò bá dára, ṣé ẹni kan máa bá a délé, àbí ọkọ̀ èrò ni wọ́n máa fi í sí?

Mo ti béèrè ọ̀dọ̀ olùkọ́ ọmọ yẹn bóyá ó ṣì ń wá sí ìdánrawò. Ó ní ó ń wá, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní aṣọ gígùn ló máa ń wọ̀ wá báyìí, tòun ti bí oòrùn ṣe ń mú, kì í sì í gba bọ́ọ̀lù bí àlejò bá wà ní etí pápá.